Eṣinṣin Oyèníran

Nǹkan tí Oyèníran gbé lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ ò tó èékánná ìka kékeré. Ìwọ̀ ẹja ni, wọ́n wá fi òwú àti ìyẹ́ adìẹ wé e lára títí ó fi wú gúdúgbú. Sìmíátù yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó wá wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Kùdí, ṣé èyí lẹ jókòó tì láti àárọ̀?"

"Eṣinṣin ni."

"Eṣinṣin bí ti báwo? Eṣinṣin tó lóyún?"

"Ẹja ni wọ́n fi ń tàn lókè òkun. Ẹja á rí i lójú omi, á rò pé eṣinṣin gidi ló bà síbẹ̀, á gbé e mì."

"Ẹja tójú ẹ̀ fọ́ nìyẹn o."

Oyèníran ò rẹ́rìn-ín. Ó gba nǹkan rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó padà sídìí fèrèsé. Sìmíátù kábàámọ̀ pé òun la ẹnu. Tẹ́lẹ̀ rí, irú àwàdà bẹ́ẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ á gbọ́, tí á fọwọ́ mú ikùn, tí á máa rẹ́rìn-ín títí àwọn ará yàrá kejì á fi máa gbá ògiri pé kó jẹ́ káwọn sinmi.

Àtúnṣe ẹ̀rọ ni iṣẹ́ Oyèníran, ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìlúpéjú. Ọdún Sáàpù dé, ìjọba ní kí oníkálukú fún ìgbànú mọ́ra, àtẹni tó níkùn àtẹni tí ò ní. Owó òkèèrè wọ́n, ohun èlò ẹ̀rọ ò wọlé mọ́, ilé iṣẹ́ ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin tó máa ń kọrin bọ̀ láti ojú títì ti di ẹni tí ń wo ògiri. Wọ́n gbé Kùdírátù, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, lọ sọ́dọ̀ ìyá Oyèníran ní Ògbómọ̀ṣọ́, torí iṣẹ́ irun òwú tí Sìmíátù ń ṣe níwájú ilé wọn ní Mùṣín ò lè bọ́ ẹnu mẹ́ta. Ọmọ náà sunkún títí mọ́tò fi gbéra. "Màámi, ìgbà wo lẹ ń bọ̀ wá mú mi?" Sìmíátù ní, "Bí iṣẹ́ bàbá rẹ bá ti dé." Kí ni ì bá tún sọ?

Nǹkan mìíràn tún wà tó ń dun Sìmíátù, tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, torí wọ́n á ní ó ń ṣe bí ọmọdé. Kí iṣẹ́ tó bọ́, bí Oyèníran bá ti dé ẹnu ọ̀nà, "Àríkẹ́!" ló fi ń kí i. Oríkì rẹ̀ ni. Bó bá ti gbọ́ ọ báyìí, ara rẹ̀ á yá gágá, ẹsẹ̀ tó fi dúró kó irun látàárọ̀ ò ní ro ó mọ́. Ní báyìí, "Ìyá Kùdí" ló kù. Ìyá Kùdí, omi dà? Ìyá Kùdí, ta ló ń kanlẹ̀kùn? Kùdí gan-an ò sì sí nílé.

Òyìnbó kan ló mú ọ̀rọ̀ eṣinṣin wá. Mísítà Kólínsì ni wọ́n ń pè é, òun ni ọ̀gá àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ tó ti ti náà. Ó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ní Ìkòyí, ó fẹ́ máa lọ sílé pátápátá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ohun ìpẹja nílùú wọn, ó sì ń wá ẹni tí yóò máa bá a wé eṣinṣin. Kólínsì rántí ọwọ́ Oyèníran, bó ṣe máa ń so òwú tó já nínú ẹ̀rọ tí ojú aṣọ ò ní mọ̀. Ó ránṣẹ́ pè é, ó fi bí wọ́n ṣe ń wé e hàn án, ó fún un ní ìwọ̀ díẹ̀ àti àpótí ike pẹlẹbẹ kan tó mọ́ gaara, tó pín sí yàrá wẹẹrẹ nínú. Ó ní kí Oyèníran wé eṣinṣin kún inú rẹ̀ kí òun tó lọ, òun á gbé e lé ẹ̀gbọ́n òun lọ́wọ́. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, iṣẹ́ á máa wá bá Oyèníran nílé títí tí á fi darúgbó.

Ọ̀rọ̀ ò jù báyìí lọ. Bí ṣọ́ọ̀bù òkè òkun bá gba eṣinṣin Oyèníran, iṣẹ́ dé nìyẹn, Kùdí ń bọ̀ wálé. Bí wọn ò bá gbà á, Kólínsì ti lọ, wọn ò sì mọ òyìnbó mìíràn.

Oyèníran gba ọjà Ládìpọ̀ lọ, ó wá irin kékeré kan tó lè di ìwọ̀ mú, ó dè é mọ́ etí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé. Ìyẹ́ adìẹ àgíríìkì ló kọ́kọ́ lò, torí òun ló pọ̀ nílẹ̀ lọ́jà. Ó wé díẹ̀, ó kó o tọ Kólínsì lọ. Nígbà tó padà délé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò bọ́ bàtà.

"Kí ni wọ́n wí?" Sìmíátù bi í.

"Ó bu omi sínú ife, ó jù wọ́n sí i. Wọ́n rì."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Èyí tí ò rì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ọ̀mùtí. Ó ní ìyẹ́ mi rọ̀ jù, omi ń mu ún. Ó ní òwú mi pọ̀ jù, kókó tí mo ta sórí ẹ̀ ń wúwo." Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n. "Ọwọ́ tó ń tún ẹ̀rọ tó tó ilé ṣe rèé, Ìyá Kùdí. Nǹkan tí ò tó ẹ̀wà wá borí ẹ̀."

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n."

Ó rò pé á rẹ́rìn-ín. Ètè ọkùnrin náà mì díẹ̀. Sìmíátù gba ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kólínsì ti fún Oyèníran ní eṣinṣin kan tí òun fúnra rẹ̀ wé, pé kó máa wò ó ṣe. Nígbà tí Sìmíátù máa fi wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti wá mú ìyarun, ọkọ rẹ̀ ti fi bíléèdì já orí eṣinṣin òyìnbó, ó ti ń tú u.

"Yéè! Bàbá Kùdí! Ẹyọ kan ṣoṣo tí òyìnbó fún yín!"

"Inú ẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀."

"Ẹni tó fẹ́ mọ inú ẹ̀ ló ń pa á?"

Oyèníran tẹjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń tú òwú náà, ó ń yọ ìyẹ́, ó ń tẹ́ wọn sínú àwo funfun níkọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Nígbà tó tú u tán, tó ku ìwọ̀ lásán, ó mí kanlẹ̀. "Wò ó. Ibi tí èmi ti ń wé òwú bí ẹni ń wé láwàní, ṣe ló kàn fi kàn án. Ìyẹ́ kan péré ló wé yípo. Ìrù ẹ̀ ò sì gùn ju ẹ̀yìn ìwọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe pa òwú dé? Mo tú u látòkè délẹ̀, mi ò rí kókó."

Sìmíátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo òwú inú àwo. Ó fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ohun tó ń dààmú yín nìyẹn? Bí a ṣe ń pa òwú dé lẹ́nu irun nìyẹn o."

Ó fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, ó mú òwú dúdú tó fi ń kó irun àwọn oníbàárà. Ó ṣẹ́ òwú po, ó tẹ́ ẹ sára igi ìgbálẹ̀, ó wé òwú lé e lórí, ó wé e ṣinṣin. Ó wá ki ẹnu òwú bọ ojú ibi tó ṣẹ́ po, ó fa ìdí rẹ̀. Ẹnu òwú wọ abẹ́ àwọn yòókù lọ, ó sá pamọ́ síbẹ̀. Sìmíátù gé èyí tó ṣẹ́ kù dànù.

"Ẹni tó bá ta kókó sírun oníbàárà, kó máa retí ìjà lọ́la ni. Kókó á máa gún un lórí bó bá fẹ́ sùn."

Oyèníran gba igi ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó ní, "Tún un ṣe." Sìmíátù tún un ṣe. Ó ní, "Rọra ṣe é." Ó rọra ṣe é. Oníbàárà ń pè é níta pé ṣé orí ààbọ̀ lòun máa gbé lọ sílé ni, kò lọ. Ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti jókòó pẹ́ tó báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kẹ́yìn, kò rántí.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti jọ ń ṣe é. Sìmíátù á bá a ṣa òwú, á bá a di ìwọ̀ mú, á sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i. "Ẹ ti fún un jù, irun ò gbọdọ̀ fà, ìyẹ́ náà ò gbọdọ̀ fà." "Ẹ dẹ òwú." "Ẹ má dẹ̀ ẹ́ tó yẹn." Ó gbà á nímọ̀ràn pé kó fi adìẹ àgíríìkì sílẹ̀, adìẹ tó ń jẹun lọ́fẹ̀ẹ́ tí kò rìn, báwo ni ìyẹ́ rẹ̀ ṣe fẹ́ le? Oyèníran bá ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń pa adìẹ lọ́jà Mùṣín, ó ń bẹ̀ wọ́n fún ìyẹ́ ọrùn àkùkọ ìbílẹ̀, àkùkọ tó ti darúgbó, tó ti ja ìjà adúgbò. Ìyẹ́ wọn le, ó ń dán, omi ò rí i wọ̀. Kútẹ́ẹ̀sì tí kò láwọ̀ tí Sìmíátù ń kùn sí èékánná ló fi ń dí orí òwú, kó má baà tú.

Sìdíkàt, tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tiwọn, ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, ó kápá lérí.

"Ìyá Kùdí, ìyẹ́ àkùkọ pupa, òwú dúdú, irin ẹnu ṣónṣó. Ẹ bá mi bi Bàbá Kùdí, ta ni wọ́n ń dì?"

"Ẹja òyìnbó ni."

"Ẹja? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ a ríjà ẹja o. Kútẹ́ẹ̀sì náà ńkọ́, ẹja ló fẹ́ kùn ún?"

Sìmíátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Oyèníran náà gbọ́ ọ láti inú yàrá. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lóòótọ́ ni.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan. Sìmíátù ń yarun fún oníbàárà níta. Oyèníran ti bu omi sínú bàsíà bó ṣe máa ń ṣe, ó ju eṣinṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wé sí i. Sìmíátù ò tilẹ̀ fọkàn sí i mọ́, torí bí èyí tí wọ́n jù sí i bá rì, ọkọ rẹ̀ á kàn pòṣé ni, á tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ náà kò gbọ́ òṣé. Ohun tó gbọ́ ni:

"Àríkẹ́! Àríkẹ́ o! Wá wò ó!"

Ìyarun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré wọlé. Eṣinṣin náà dúró lórí omi, ẹsẹ̀ ìyẹ́ rẹ̀ tẹ ojú omi díẹ̀díẹ̀, ìrù rẹ̀ nà sẹ́yìn. Oyèníran fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ṣí lọ sétí bàsíà, kò ṣubú. Wọ́n wo ara wọn. Sìmíátù fi ìdí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó sì ń bú ọkọ rẹ̀ pé kí ló fi ń pe òun bẹ́ẹ̀ tó fi ń mú òun sunkún. Ó pè é ní Àríkẹ́. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti ń ronú irú irun tí òun máa kó fún Kùdí bó bá ti dé.

Àṣé ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Oyèníran wé eṣinṣin kún inú àpótí ike náà. Ìwọ̀ tí Kólínsì fún un tán lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí irú rẹ̀ ní gbogbo Èkó, gbogbo ìwọ̀ tí wọ́n ń tà níbí, ẹja tó tó itan èèyàn ni wọ́n fi ń pa. Ó ku kí ó gbé e lọ. Ni dẹ́rẹ́bà Kólínsì bá wá sọ pé ọ̀gá ti rin ìrìn àjò lọ sí Kàdúná, kí Oyèníran ní sùúrù, ọjọ́ tí ọ̀gá bá fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú ni kó gbé e wá.

Ẹni tí ń dúró ọjọ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi. Ní àràárọ̀, Oyèníran á ṣí àpótí, á yọ ọ̀kan, á ní ìyẹ́ rẹ̀ wọ́, á tú u, á tún un wé. Ní ọ̀sán, á yọ òmíràn. Ó gbàgbé lọ́jọ́ kan, kò pa àpótí náà dé, ilẹ̀ mọ́, aáyán ti jẹ ìyẹ́ ara àwọn kan, ó ku egungun ìyẹ́ lásán bí ẹja tí ológbò jẹ kù. Oyèníran fọwọ́ lérí. Ó tú wọn lára ìwọ̀, ó tún gbogbo wọn wé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Sìmíátù rí i pé bó bá ń bá a lọ báyìí, èyí tó dára á bàjẹ́ nídìí títún un ṣe.

"Bàbá Kùdí, ẹ gbé e wá."

"Kí ni?"

"Àpótí. Ẹ gbé e wá, mo fẹ́ bá yín fi pamọ́. Ẹ ò ní fojú kàn án títí ọjọ́ tí a ó gbé e lọ."

"Ọ̀kan ṣì kù tí mo fẹ́…"

"Kò sí ọ̀kan tó kù. Ẹ fi Ọlọ́run búra pé ẹ ò ní ṣí i mọ́."

Oyèníran wò ó, ó rẹ́rìn-ín àárẹ̀. Ó ní, "Mo búra. Àríkẹ́, mo búra." Ó gbé àpótí náà lé e lọ́wọ́.

Níbo ni obìnrin ń fi ohun tó ṣe iyebíye sí? Sìmíátù fa àpótí aṣọ rẹ̀ yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tó gbé wọlé ọkọ, tí aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ní aṣọ yẹn, kòkòrò kankan ò fẹnu kàn án, torí ó mọ ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Káńfọ̀ ni ẹ̀ṣọ́ àpótí. Ó ju ẹyọ bíi mélòó kan sáàárín aṣọ. Ó wá wo àpótí eṣinṣin lọ́wọ́ rẹ̀, ó rántí bí ọkọ rẹ̀ ṣe fọwọ́ lérí lọ́jọ́ tí aáyán jẹ é. Ó ṣí i, ó fi káńfọ̀ sí yàrá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó rọra fi wọ́n ti ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n má baà tẹ ìyẹ́. Ó pa á dé, ó fi gèlè wé e, ó gbé e sí àárín aṣọ òkè. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n kékeré ni, ta ní ń kéde irú ẹ̀?

Oòrùn mú gan-an láwọn ọ̀sẹ̀ náà. Páànù orí ilé ń kọ kàkà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì gbóná bí inú ààrò. Sìmíátù ń kó irun níta, inú rẹ̀ sì dùn pé ohun tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wà láìléwu.

Dẹ́rẹ́bà wá, ó ní ọ̀la ni ọ̀gá ń lọ. Oyèníran ní kí Sìmíátù múra, kí àwọn jọ lọ.

"Kí lèmi fẹ́ ṣe ní Ìkòyí?"

"Ọwọ́ rẹ wà nínú ẹ̀. Mo fẹ́ kí òyìnbó rí ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pa òwú dé."

Sìmíátù wọ ìró àti bùbá tó dára jù nínú àpótí rẹ̀. Nínú mọ́tò, àpótí eṣinṣin wà lórí itan rẹ̀ nínú gèlè. Oyèníran fi imú fa afẹ́fẹ́, ó rẹ́rìn-ín.

"Àríkẹ́, ò ń ta sánsán káńfọ̀. O ti tún di ìyàwó tuntun."

"Ẹ fi mí sílẹ̀ o jàre, aráyé ń wò wá." Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn dé ọ̀run. Bó bá jẹ́ pé ayé máa ń dúró síbi tó bá ti dùn, inú mọ́tò yẹn ni ì bá dúró sí.

Ẹrù kún ẹnu ọ̀nà Kólínsì. Òyìnbó náà jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó bọ Oyèníran lọ́wọ́, ó kí Sìmíátù. Sìmíátù kúnlẹ̀, ó tú gèlè, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpótí náà fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbé e fún òyìnbó.

Ó kọ́kọ́ ya Sìmíátù lẹ́nu pé àpótí náà ò mọ́ gaara mọ́. Ó ti ṣe funfun bí ojú afọ́jú. Kólínsì fi àtàǹpàkò ti ìdérí rẹ̀, kò ṣí. Ó fi agbára sí i, ó ṣí pẹ̀lú ariwo, òórùn káńfọ̀ tú jáde, òyìnbó fọwọ́ bo imú.

Káńfọ̀ ti jẹ ike. Ike ti yọ́, ó ti rọ̀ bí ẹrẹ̀, ó ti gbá eṣinṣin mọ́ra. Kútẹ́ẹ̀sì orí òwú náà ti rọ̀, ó lẹ̀ mọ́ ìyẹ́, ìyẹ́ lẹ̀ mọ́ ìyẹ́. Kólínsì mú ọ̀kan, ó rọra fà á. Orí rẹ̀ já sí i lọ́wọ́, ara rẹ̀ kù sínú ike. Ó mú òmíràn, bákan náà ni. Kò sí èyí tó ṣe é yọ.

Ó yíjú sí Oyèníran, ó béèrè nǹkan. Sìmíátù ò gbọ́ òyìnbó púpọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ orúkọ káńfọ̀. Ẹnu rẹ̀ ti là. Ó fẹ́ sọ pé òun ni. Oyèníran ti ṣáájú rẹ̀.

"Na me, sà," ni ó wí. "Na me put am."

Kò wo ìyàwó rẹ̀. Ọwọ́ òyìnbó ló ń wò, níbi tí orí eṣinṣin tó já wà.

Ó bẹ Kólínsì. Ó ní ìwọ̀ ni kó fún òun, òun á tún un wé, òun á fi ránṣẹ́. Kólínsì mi orí, kì í ṣe èèyàn burúkú, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní gbogbo ìwọ̀ òun ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ. Ó ní àwọn ará Kẹ́ńyà tí àwọn náà ń wé eṣinṣin ti fi tiwọn ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n òun ń dúró de èyí tí òun máa gbé dé ni, kó lè mọ ẹni tí yóò mú. "Sọ́rì, Oyèníran. Sọ́rì." Ó wọlé, ó gbé agolo bisikíìtì kan jáde, ó fún Sìmíátù, ó ní kó fún ọmọ wọn. Sìmíátù kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ẹ wo nǹkan tí ó ń dúpẹ́ lé lórí.

Nínú mọ́tò tí wọ́n bá padà, òórùn káńfọ̀ ṣì wà lára ìró rẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n dé inú yàrá ni Sìmíátù wó lulẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀. "Bàbá Kùdí, èmi ni. Èmi ni mo fi sí i."

"Mo mọ̀."

"Nítorí aáyán ni. Ẹ bú mi. Ẹ lù mí. Ẹ ṣe nǹkan kan."

Oyèníran ti ń tú irin Ládìpọ̀ kúrò létí tábìlì. Ó tú u tán, ó fi akísà nù ún, ó gbé e sílẹ̀.

"Kí ni kí n ṣe? Aáyán ò ṣáà jẹ ẹ́."

Kò pariwo. Kò tilẹ̀ bínú. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ilẹ̀ ti ṣú. Sìmíátù ì bá fẹ́ kó gbá òun létí.

Sìdíkàt wá kí wọn lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Sìmíátù ní ó ṣeun. Ó mọ̀ pé agbè ti fọ́. Ọkọ rẹ̀ ti padà sídìí ògiri, kò sì tún bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun di nǹkan kan mú mọ́.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Oyèníran ní òun ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, òun fẹ́ lọ wo oko bàbá òun. Kùdí ò padà wá sí Mùṣín, bàbá rẹ̀ ló lọ bá a. Sìmíátù ò lè bá a lọ, torí irun orí àwọn obìnrin Mùṣín ni wọ́n fi ń jẹun. Ó bá a di ẹrù. Ó fi bisikíìtì Kùdí sí i, kò tíì ṣí i. Ó mú bùbá àti ṣòkòtò òfì ọkọ rẹ̀ jáde láti inú àpótí aṣọ, kó lè rí nǹkan gidi wọ̀ kí ìyá rẹ̀. Oyèníran gbà á, ó gbé e súnmọ́ imú. Ó ká a, ó rọra gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì.

"Fi èyí sílẹ̀," ni ó wí.

Sìmíátù sìn ín dé gáréèjì. Mọ́tò ti ń kùn, Oyèníran ti wà létí fèrèsé. Sìmíátù dúró sábẹ́ rẹ̀, ó gbójú sókè, ó ń retí. Òun náà mọ ohun tó ń retí, bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, ì bá tó o lò fún ọdún kan. Oyèníran yọ orí.

"Ìyá Kùdí, máa lọ sílé, òjò ti ṣú."

Mọ́tò gbéra. Sìmíátù rìn padà sílé nínú òjò náà. Ó fa àpótí aṣọ rẹ̀ yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣa gbogbo káńfọ̀ inú rẹ̀, ó dà á sí gọ́tà. Ó fi ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí aáyán lè ráyè wọlé.